Ọjọ́ Tí Akóredé Gẹ Fúláwà Àna Rẹ̀

Inú ọgbà ni Ẹlẹ́dàá ti kọ́kọ́ mú obìnrin tọ ọkùnrin wá, inú ọgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ èso ti kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, nígbà náà, pé orí ọgbà àti èso ni ọ̀rọ̀ Akóredé àti Adéyọ̀sọ́lá dá lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ejò níbẹ̀ o. Àlùmọ́gàjí ni.

Ní Ìperu Rẹ́mọ, ilé kan wà tí àwọn ọlọ́kadà fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. "Ilé onífúláwà" ni wọ́n ń pè é. Ilé Bàbá Fábíyìí ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tẹ dùrù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, Modúpẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Modúpẹ́, ló ni ọgbà. Àwọn ẹlòmíràn ń gbin fúláwà nítorí òdòdó. Màmá Modúpẹ́ ń gbìn ín nítorí èso. Kì í ṣe èso jíjẹ. Àwọn èso wẹ́wẹ́ tí Ọlọ́run kàn fi ṣe igi kéékèèké lọ́ṣọ̀ọ́ ni, bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Igi kofí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tí èso rẹ̀ máa ń pọ́n dẹ̀dẹ̀. Òmíràn wà lábẹ́ fèrèsé, òdòdó funfun rẹ̀ a máa ta sánsán nírọ̀lẹ́, èso pupa a sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọba gbogbo wọn ni èyí tó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà, èyí tí àwọn tó ń ta fúláwà létí títì ń pè ní yẹ́lò.

Yẹ́lò kì í ṣe ohun àjèjì. Láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, ilé tó bá ti ní géètì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní yẹ́lò náà. Wọ́n á gẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì, wọ́n á sì tún gẹ̀ ẹ́ kó tó hù dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi mọ̀ pé ó ń so. Ní ṣóńṣó ẹ̀ka ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ, òdòdó àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà ni èso yóò so wọlọwọlọ, tí yóò máa dán bíi wúrà. Bí a bá ti gé ṣóńṣó, ó parí.

Bàbá Fábíyìí náà kò mọ̀. Ohun tó bá tẹ́jú, tó gún régé, ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń gẹ yẹ́lò ìyàwó rẹ̀, títí tí Màmá Modúpẹ́ fi gba àlùmọ́gàjí ńlá náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi epo pa á, tó sì lọ fi pa mọ́ síbi tó gbà pé ojú ọkọ òun kò lè tó.

"Bàbá Yọ̀sọ́lá, ẹ fi igi yìí sílẹ̀ kí n rí ohun tí Ọlọ́run fi sí i lára."

Igi náà so. Lọ́jọ́ Ìkórè ọdún náà, ẹ̀ka yẹ́lò tó kún fún èso wúrà ló wà níwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ sì ń bi ara wọn pé níbo ni wọ́n ti rà á. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan yẹ́lò Màmá Modúpẹ́. Bàbá Fábíyìí nìkan ló máa ń dúró lójú fèrèsé, tó ń mí kanlẹ̀. "Ó rí wúruwùru," ni yóò sọ, "bí orí ẹni tí kò rí kóòmù."

* * *

Akóredé jẹ́ ọmọ Ìpara tó ń gbé ní Ṣàgámù, iṣẹ́ sólà ló ń ṣe. Lọ́sẹ̀ tí òjò ọdún náà fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ó wá gbé sólà sórí ilé Bàbá Fábíyìí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì rí èso wúrà tó ń dán lára ògiri. Ó já ìdì kan. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu.

Àkókò náà gan-an ni Adéyọ̀sọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Modúpẹ́ bí, wọlé láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin ní Ìkẹ́nnẹ́.

"Ẹ tu ú dànù!"

Akóredé yíjú padà, ẹnu rẹ̀ dúró gbagidi.

"Mo ní kẹ́ ẹ tu ú dànù!"

Ó tu ú. "Kí ló dé? Ṣé wọ́n ti gbàdúrà lé e lórí ni?"

"Májèlé ni!"

"Májèlé? Nínú ilé olùtẹdùrù?"

"Ẹwà lásán la gbìn ín fún. Ṣé ẹ gbé e mì?"

"N kò rò bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kò rò bẹ́ẹ̀!" Yọ̀sọ́lá ti sáré gbé omi wá. Ó ní kó yọ ẹnu, ó ní kó tún un yọ, ó fà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun náà fa àga tì í, ó ń wò ó bí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ la ojú yín dáadáa."

"Ó là."

"Ṣé inú ń run yín?"

"Inú kò run mí. Àyà mi ló ń lù kìkì."

"Háà, ìyẹn kò dáa. Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé."

Yọ̀sọ́lá fẹ́ fajú ro. Ojú rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbọ́. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ìgbà náà ni Màmá Modúpẹ́ yọ orí lójú fèrèsé. "Ta ló já èso mi?"

"Èmi ni, Mà," ni Akóredé dáhùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ṣé o bi ẹnikẹ́ni kí o tó já a?"

"Rárá, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, Mà."

"Ohun tí o kò mọ̀, o kò bèèrè, o jù ú sẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Àìbèèrè, kú iṣẹ́ o." Ó sì pa fèrèsé dé.

Orúkọ tí Màmá ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ náà.

* * *

Láti ọjọ́ náà ni sólà ilé Bàbá Fábíyìí ti di sólà tí wọ́n ń tọ́jú jù lọ ní gbogbo Rẹ́mọ. Bí Akóredé kò bá wá wo wáyà, á wá wo bátìrì. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da omi láti òkè, ó dé, omi ń kán lára rẹ̀, ó ní òun wá nu eruku orí sólà.

"Eruku wo?" ni Bàbá Fábíyìí bi í.

"Eruku tí... tí òjò kò lè fọ̀ tán, Sà."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Wọlé wá mu tíì gbígbóná," ni ó wí. "Eruku náà kò ní sá lọ."

Nígbà tí Ọdún Àjíǹde fi máa dé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí sólà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kofí, Akóredé sì sọ ohun tó ti ń sọ fún ara rẹ̀ nínú mọ́tò láti Ṣàgámù.

"Yọ̀sọ́lá, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Jẹ́ kí n fi tó Ọlọ́run létí ná."

"Ṣé Ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn?"

"Ó ti dáhùn látàná. Èmi ni mo kàn fẹ́ kí o dúró díẹ̀."

Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run gbà lánàá, Màmá Modúpẹ́ kò tíì gbà á. Nígbà tí Yọ̀sọ́lá sọ fún un, ó ń bu omi sídìí yẹ́lò lọ́wọ́, kò sì gbé orí sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Àìbèèrè? Ó tì o."

"Mọ́mì, kí ló burú lára rẹ̀? Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó ń ṣiṣẹ́..."

"N kò ní kò dáa. Mo ní kì í bèèrè. Yọ̀sọ́lá, ọkùnrin tó bá ń ṣe nǹkan kó tó bèèrè yóò rẹ ìyàwó rẹ̀ láti inú wá. Ìwọ yóò dé láti ibi iṣẹ́, wàá bá àga tuntun, wàá bá àlejò, wàá bá ilẹ̀ tó ti tà. Gbogbo rẹ̀ ló máa ní òun fi ìfẹ́ ṣe. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bi dádì rẹ léèrè ọdún tí mo fi bẹ̀ wọ́n lórí igi yìí."

Bàbá Fábíyìí, tó ń gbọ́ láti pálọ̀, gbé ìwé tó ń kà sókè kó bo ojú rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Yọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ pẹ́. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò ní purọ́ fún Ẹni tó mọ ọkàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bà á lọ́kàn jẹ́ nítorí pé kò jẹ́ irọ́ pátápátá. Ǹjẹ́ Akóredé kò ti ra fóònù fún un rí láìbi í irú èyí tó fẹ́? Ǹjẹ́ kò sọ fún àwọn ará Ìpara pé Yọ̀sọ́lá ti gbà láti fẹ́ òun, kí Yọ̀sọ́lá tó gbà?

Àlájà Sàfúrátù ló wá bá wọn dá sí i. Obìnrin yìí ni alámùúlégbè wọn, ògiri ọgbà kan náà ló pín wọn, òwò obì ló sì ń ṣe ní Sábó ní Ṣàgámù. Akóredé ló ṣe iná sí ilé ìkó-obì tó wà nínú ọgbà rẹ̀, nítorí náà ó ti mọ̀ ọ́n. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì jókòó sórí àga tó dára jù.

"Ìyá Yọ̀sọ́lá, wọ́n ní ẹ lé ọmọ mi."

"Ọmọ yín kì í bèèrè, Àlájà."

"Ó bi Yọ̀sọ́lá pé ṣé ó máa fẹ́ òun. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀yin obìnrin yìí."

"N kò ní fi yín sílẹ̀. Nígbà tó ṣe iná fún mi, ó bi mí ibi tí mo fẹ́ kí búlọ́ọ̀bù kọjú sí, ó bi mí ibi tí mo máa ń jókòó sí ṣa obì. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ọdún mélòó la fi gbé pọ̀ tí kò bi mí irú ẹ̀ rí! Ọmọ náà ń kọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ lójú yín."

Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn. Níkẹyìn Màmá Modúpẹ́ ní: "Ó dáa. Kó máa bọ̀, kí n máa wò ó. Bí a bá ṣe Ìkórè tán tí n kò rí àléébù mìíràn, kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Èso yẹ́lò tí mo bá gbé síwájú pẹpẹ, òun náà ni n ó fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ dè wọ́n. Mo ti ṣèlérí ìyẹn fún Ọlọ́run lórí ọmọ mi."

Àlájà sáré jáde lọ tẹ Akóredé láago, pé láti òní lọ, kó máa kọ́kọ́ bèèrè. Ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ nílò fóònù.

* * *

Oṣù Ògún ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Akóredé lọ kí bàbá rẹ̀ ní Ìpara, àgbẹ̀ tí kò gbàgbé àṣà, bàbá náà sì bi í pé:

"Ṣé o ti ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ?"

"Bàbá, wọn kò lóko."

"Ṣé wọn kò nílé ni? Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, èmi àti ẹgbẹ́ mi la kọ ebè oko bàbá rẹ̀ látòwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. A kò fẹnu lásán fẹ́ obìnrin nínú ilé wa."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Akóredé lára. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Lásúnkànmí àti Tájù, pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá, ó di ilé Bàbá Fábíyìí. Màmá Modúpẹ́ àti Yọ̀sọ́lá ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Ìkẹ́nnẹ́.

"Ọ̀wẹ̀ la wá ṣe, Sà," ni Akóredé wí lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ní ká ṣe."

Inú Bàbá dùn débi tó fi yọ awò ojú rẹ̀ nù. Láyé ìsinsìnyí! Wọ́n pa koríko, wọ́n kó pàǹtírí inú gọ́tà, wọ́n fọ táǹkì omi. Nígbà tí wọ́n parí, Akóredé dúró níwájú yẹ́lò, ó sì ṣe ohun tí Àlájà ti ń kọ́ ọ. Ó bèèrè.

"Sà, àwọn igi yìí ńkọ́? Ṣé a lè fọwọ́ kàn wọ́n?"

Bàbá Fábíyìí wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ilé dákẹ́. Yẹ́lò dúró níwájú rẹ̀, wúruwùru bí ó ti ń wà.

"Akóredé, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń gẹ nǹkan kó tẹ́jú?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Sà. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ńkọ́? Ṣé wọn kò ní bínú?"

"Ta ni baálé ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Sà."

"Ó ti hù kọjá ààlà. Díẹ̀ báyìí la máa gé lórí rẹ̀. Kí Ìkórè tó dé, yóò ti hù padà."

Ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó gbé àlùmọ́gàjí ńlá náà dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ibi ìsàmì. Ó ti pẹ́ tó ti mọ ibi tó wà. Ó ta okùn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, ó dúró sórí àpótí, ó sì ń fi ọwọ́ darí wọn bí ẹni ń darí ẹgbẹ́ akọrin.

"Tájù, o ti ga jù! Wálẹ̀ díẹ̀! Lásúnkànmí, fara balẹ̀, fara balẹ̀... Akóredé, gẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Háà! Ó dùn!"

Díẹ̀ tó sọ, kò mọ ní díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, yẹ́lò tẹ́jú débi pé ènìyàn lè gbé tíì lé e. Bàbá Fábíyìí sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wò ó dáadáa. Ìgbà náà ló wo ilẹ̀. Òdòdó àwọ̀ àlùkò ló kún ilẹ̀, pẹ̀lú àwọn èso tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, wọlọwọlọ.

"Olúwa mi," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Ṣé kò sí wàhálà, Sà?" ni Akóredé bi í.

Bàbá ti já àlùmọ́gàjí gbà, ó ti wọlé lọ.

Lásúnkànmí àti Tájù ti kó ọkọ́ àti àdá wọn lọ nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró lẹ́nu géètì. Màmá Modúpẹ́ wọlé, Yọ̀sọ́lá tẹ̀ lé e. Màmá kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìdì èso tútù kan nílẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

Bàbá Fábíyìí wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó la ẹnu. Ohùn kò jáde. Ewé yẹ́lò kan há sínú irun rẹ̀ funfun. Akóredé wò ó. Ó rí ewé náà. Ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà náà bí ẹni fẹ́ bá a gbé àga, ó yọ ewé náà kúrò lórí rẹ̀, ó sì padà síwájú Màmá.

"Èmi ni mo gẹ̀ ẹ́, Mà."

"Ṣé o bi mí?"

"Rárá, Mà. N kò bi yín." Òtítọ́ ni; Bàbá ló bi, kò bi Màmá.

"Mo mọ̀," ni Màmá wí. Omi ti lé sójú rẹ̀. "Máa lọ sílé, Ọ̀gbẹ́ni Àìbèèrè. Kò sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nínú ilé yìí títí èso yóò fi tún wà lára yẹ́lò mi."

* * *

Lọ́jọ́ kejì, Yọ̀sọ́lá ní kí Akóredé wá bá òun ní ibùdókọ̀ Ìperu. Ojú Yọ̀sọ́lá ti wú fún ẹkún.

"Dádì mi wà nílé. O kò lè bi wọ́n ni?"

Akóredé ń wo mọ́tò Ṣàgámù tó ń kó èrò.

"Akóredé, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣé o bi wọ́n ni, àbí o kò bi wọ́n?"

"Èmi ni mo di àlùmọ́gàjí mú. Mo jẹ̀bi. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀, má bi mí ju ìyẹn lọ."

"Ìyẹn ni pé òtítọ́ ni Mọ́mì ń sọ nípa rẹ."

Ó yíjú, ó gun ọ̀kadà lọ láìdágbére. Akóredé dúró síbẹ̀ títí mọ́tò Ṣàgámù fi kún tó sì lọ láìgbé e. Ì bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n ó rántí ewé tó há sínú irun funfun yẹn. Bí òun bá fi bàbá sun ìyá lónìí, irú ọmọ wo lòun fẹ́ jẹ́ nínú ilé náà lọ́la?

Ó ń fi ìgbẹ́ adìyẹ ránṣẹ́ láti Ìpara, nínú àpò, pé kí Àlájà máa fi sí ìdí yẹ́lò. Àlájà ń fi sí i. Màmá Modúpẹ́ rí i, kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò kó o dànù.

Ẹni tí ìyà náà jẹ jù ni Bàbá Fábíyìí. Lálaalẹ́ ni yóò ní, "Màmá Yọ̀sọ́lá..."

"Kí ló dé?"

"Ọbẹ̀ yìí dùn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìjọ dìde láti kọ orin ìyìn, Bàbá sì tẹ ohùn orin ìsìnkú. Àlùfáà wò ó. Gbogbo wa wò ó. Kò gbé orí sókè.

Yọ̀sọ́lá ní tirẹ̀ kò lè kọrin dáadáa mọ́. Tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ní, "Àǹtí, ẹ ti gbàgbé ìlà kejì," á ní àárẹ̀ ló mú òun. Ó ń pinnu láti gbàgbé ọkùnrin náà lówùúrọ̀, á sì tú ìpinnu náà ká nírọ̀lẹ́ nígbà tí iná sólà bá tàn.

* * *

Ọ̀sẹ̀ Ìkórè dé. Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá Modúpẹ́ wọ yàrá lọ mú aṣọ akọrin rẹ̀ nínú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ aṣọ yìí gan-an ló fi àlùmọ́gàjí ńlá pa mọ́ sí. Ó tú u. Àlùmọ́gàjí wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fi aṣọ wé e dáadáa. Ṣùgbọ́n wọ́n wé e ní òdì, ewé yẹ́lò tó ti gbẹ sì lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Akóredé kò wọ yàrá yìí rí. Kọ́kọ́rọ́ àpótí, ẹ̀yìn àwòrán ìgbéyàwó wọn ló máa ń gbé e kọ́.

"Bàbá Yọ̀sọ́lá!"

Bàbá dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ohun tó wà lórí itan ìyàwó rẹ̀, ó sì di ilẹ̀kùn mú.

"Ta ló mú èyí jáde?"

"Modúpẹ́..."

"Mo bi yín ni."

"Èmi ni." Ọ̀rọ̀ náà tú jáde bí omi. "Ọmọ náà bi mí. Ó bi mí kó tó ṣe nǹkan kan. Ó tiẹ̀ ní, 'Mọ́mì ńkọ́?' Mo sọ fún un pé èmi ni baálé. Mo ta okùn. Mo gun orí àpótí! Modúpẹ́, mo tiẹ̀ gbádùn ẹ̀."

"Ó bèèrè?"

"Ó bèèrè. Ìgbà tí o dé, mo fẹ́ sọ ọ́, ẹnu mi kú. Ó sì bò mí láṣìírí."

Yọ̀sọ́lá ti wà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Mo bi í," ni ó wí, ó ń sunkún. "Mo bi í ní ibùdókọ̀. Ó ní kí n má bi òun mọ́. Mo sì fi í sílẹ̀ lójú títì."

Màmá Modúpẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Ó ń wá ìbínú rẹ̀, kò rí i. Ohun tó ń rí ni àgbàlagbà tó gun orí àpótí, tó ń darí àlùmọ́gàjí bí akọrin. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn rẹ̀, ó gun òkè, títí omijé fi ń dà.

"Ó tẹ́jú, àbí?"

"Ó tẹ́jú gan-an," ni Bàbá wí, ó ń bẹ̀rù.

"Ọmọ tó lè gbé ẹ̀bi yín rù láti Oṣù Ògún, tó gbà kí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ kọ òun, kí ẹ̀yin má bàa tẹ́ lójú mi." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mo ti pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ níwájú Ọlọ́run pé títí èso yóò fi wà lára yẹ́lò. Báwo ni n ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ mi mì?"

"Ẹ kò ní gbé e mì!" Ohùn Àlájà Sàfúrátù ni, láti òdì kejì ògiri ọgbà, nítorí fèrèsé yàrá ṣí sílẹ̀, Àlájà kì í sì í ṣe ẹni tó ń di etí. "Ẹ wá sọ́dọ̀ mi kíákíá!"

Wọ́n sáré lọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ilé ìkó-obì Àlájà, láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka yẹ́lò kan ti gba ihò bíríkì ògiri kọjá láti ọ̀dọ̀ Màmá Modúpẹ́. Àlùmọ́gàjí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti hù sókè, ó ti tẹ̀ bọ̀ wá sílẹ̀ nítorí ẹrù, èso wúrà sì bò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìgbẹ́ adìyẹ Ìpara nìyẹn," ni Àlájà wí, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Ìdí igi kan náà ni, ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Mo ti ń lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ kí wọ́n má bàa jẹ ẹ́. Ìyá Yọ̀sọ́lá, ṣé èso kò sí lára yẹ́lò yín?"

Màmá Modúpẹ́ fọwọ́ kan èso náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó kàn sọ pé, "Ẹ pè é."

Yọ̀sọ́lá ti ń tẹ fóònù.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Akóredé fi dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, Màmá sì bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dìde.

"Akóredé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe orúkọ rẹ̀.

"Bàbá rẹ ti jẹ́wọ́," ni Màmá wí. Bàbá Fábíyìí kàn ń wo bàtà rẹ̀. "Kí àwọn ará Ìpara máa bọ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé Ìkórè. Ṣùgbọ́n a nílò èso fún pẹpẹ àti fún pálọ̀. Gbà." Ó na àlùmọ́gàjí ńlá náà sí i.

Akóredé gbà á. Ó wo ẹ̀ka, ó wo Yọ̀sọ́lá, ó wo Màmá. Kò gbé ọwọ́ sókè.

"Mọ́mì," ni ó wí, "ibo lẹ fẹ́ kí n ti gẹ̀ ẹ́?"

Àlájà Sàfúrátù kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Yọ̀sọ́lá wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ hàn án níbi tí ẹ̀ka ti pín sí méjì. "Níbí," ni ó wí. "Kí ìyókù lè tún so." Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé wàá dárí jì mí?"

"Jẹ́ kí n fi tó Ọlọ́run létí ná," ni Akóredé wí, ó sì gẹ ẹ̀ka náà.

* * *

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìperu. Gbogbo yẹ́lò ti hù padà, èso wúrà sì wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Bàbá Fábíyìí tẹ dùrù lọ́jọ́ náà láìṣi ohùn kankan.

Màmá Modúpẹ́ ti gbin ìlà yẹ́lò kékeré kan sí ẹ̀yìn ilé fún un, tirẹ̀ nìkan, pé kó máa gẹ̀ ẹ́ bó ti wù ú. Ó tẹ́jú débi pé inú rẹ̀ ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó tó gbé àlùmọ́gàjí jáde, yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, yóò wúkọ́, yóò sì bèèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ọkọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá aya, kí Olúwa fún yín ní ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó bèèrè, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.